Síkáànù fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Dúró: Kí Ni Àwọn Dókítà Ń Wò?

A ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá àti bí a ṣe ń fọ táńkì rẹ̀ la ó gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dé ọwọ́ wa tí a kò lè gbé tì. Ọ̀rọ̀ táńkì yóò dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ló béèrè, ojú wa sì ni ohun tó fa ìbéèrè náà ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí Lèmọ́mù ti ń parí kùtúbà, bàbá rẹ̀ tó jókòó ní sàfù kẹta ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì dáhùn mọ́. Àwa ìgbìmọ̀ ìlera la kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹnì kan bu omi sí i lójú. Ẹlòmíràn ń pè é lórúkọ. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a kọjú rẹ̀ sí kíbílà. Àwa tí a kàwé gboyè lórí oògùn, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá la sáré lọ gbé. A dì í mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ náà fẹ́, ó tún sọ̀, kò kọ nọ́ńbà kankan àfi lẹ́tà E. A tú u, a tún un dì. E náà ló kọ. A ní bóyá bátìrì ló ti kú, a sì rán ọmọ kan níṣẹ́ kó lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ òdìkejì títì. Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá ń mí gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi ìyẹn tu ara wa nínú pé ó ṣì ń mí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ títí tí mọ́tò fi dé ilé ìwòsàn, ó sì tó ogún ìṣẹ́jú.

Níbẹ̀, ara wọn yá. Ẹnì kan gun orí àpótí kékeré, ó ń tẹ àyà bàbá. Ẹnì kan ń fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Dókítà kan wá ti ẹ̀rọ síkáànù dé, ó fi ohun yíyọ̀ kan pa abẹ́ igbá àyà bàbá, ó sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e. Ọmọ bàbá rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó figbe ta: “Ṣé aboyún ni bàbá mi ni? Bàbá mi ń kú lọ, ẹ̀ ń ya fọ́tò!” Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n jáde wá sọ fún wa pé ó ti dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń gbé ọ̀rọ̀ méjì kiri nínú. Àkọ́kọ́, pé torí kí wọ́n lè kọ owó síkáànù mọ́ bíìlì ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ náà wá. Èkejì, èyí tó ń dùn ún jù, pé ohun tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ ló jẹ́ kí wọ́n fi bàbá òun sílẹ̀. Ó wá bá wa nílé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa oògùn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.” A kò fẹ́ dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A lọ kàwé, a béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ohun tí a rí nìyí.

Nígbà tí ọkàn bá dúró

Ọ̀pọ̀ wa máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ lè dí. Àyà á máa dun onítọ̀hún, òógùn á bò ó, ṣùgbọ́n ó lè máa sọ̀rọ̀, ó sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn. Kí ọkàn dúró jẹ́ ohun mìíràn. Ọkàn kò ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹni náà á dákú, kò ní dáhùn, kò sì ní mí bó ṣe yẹ. Ti àkọ́kọ́ lè fa ti èkejì, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń fà á. Mímí gọ̀ọ́ tí a rí lára bàbá yẹn, tí ẹnu ń ṣí bíi ti ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀, kì í ṣe mímí rárá. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kà nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀ níwájú wa, a kò dá a mọ̀.

Ọwọ́ ènìyàn lè bá ọkàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà kan, àwọn dókítà gbà pé àfi kí àwọn la àyà kí àwọn tó lè fún ọkàn. Lọ́dún 1960, William Kouwenhoven, James Jude àti Guy Knickerbocker, ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde pé bí a bá tẹ egungun àárín àyà láti òde, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ. (Kouwenhoven yìí kì í ṣe dókítà oníṣègùn, onímọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ni.) Ohun tí a ń kọ́ni lónìí ni pé kí a tẹ àyà àgbàlagbà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ, ní ìwọ̀n 100 sí 120 ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan, kí a sì jẹ́ kí àyà gbé ara rẹ̀ sókè padà lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bí a bá ń tẹ àyà, díẹ̀díẹ̀ ni agbára ẹ̀jẹ̀ ń gòkè nínú àwọn iṣan tó ń bọ́ ọkàn. Bí ọwọ́ bá kúrò, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń já wálẹ̀. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró tó tún bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló tún ń gun òkè náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí ìdádúró láti wò bóyá iṣan ọrùn ń sọ má ṣe kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń wá

Síkáànù kì í ya fọ́tò, kò sì ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Ìró ló ń lò, ìró tó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ. Ó ń rán an wọ ara, ó sì ń tẹ́tí sí èyí tó bá padà, bí ẹni tó kígbe níwájú àpáta tó ń retí gbohùngbohùn. Àdán ń fi irú rẹ̀ mọ ọ̀nà lóru. Ọkàn sì ti wà lára ohun tí ẹ̀rọ yìí ń wò kí ọmọ inú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, dókítà Inge Edler àti onímọ̀ físíìsì Hellmuth Hertz mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán, irú èyí tí Hertz rí níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Malmö, wọ́n sì darí rẹ̀ sí ọkàn ènìyàn. Ọdún 1958 ni Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow tó tẹ àwòrán ọmọ inú tiwọn jáde. Nítorí náà, àbúrò wa, wọn kò fi bàbá yín ṣe aboyún.

Kí ni wọ́n wá ń wá? Ohun tó dá ọkàn dúró ni. Àwọn kan wà tí iná mọ̀nàmọ́ná lè ta ọkàn wọn jí. Àwọn mìíràn wà tí iná kò wúlò fún. Adrenaline, tí a ń gún ní mílígíráàmù 1 láàrin ìṣẹ́jú 3 sí 5, wà fún wọn, àwa apòògùn sì ni à ń kó o sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kò sí bí adrenaline ṣe lè pọ̀ tó tí yóò gbá omi kúrò lára ọkàn tí omi ń fún pa.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí omi yìí, torí òun ni ẹ̀rọ náà ń fi hàn kedere jù. Àpò kan wà tó bo ọkàn yíká. Omi díẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀, kí ọkàn lè máa yí láìfara gbo. Ikọ́ àwúbì lè jẹ́ kí omi kún inú àpò yìí, àrùn kíndìnrín àti jẹjẹrẹ náà lè fà á, ẹ̀jẹ̀ sì lè kún un bí ọ̀bẹ bá gún ènìyàn láyà. Bí omi bá pọ̀ jù, ọkàn kò ní rí ààyè ṣí láti gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, ohun tí kò bá sì wọlé kò lè jáde. Ẹ lè tẹ àyà onítọ̀hún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ lè gún gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé oògùn wa, àfi bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi náà, tàbí kí ó là á. Láìsí síkáànù, àmọ̀dá lásán ni. Bí síkáànù bá wà, omi náà á hàn dúdú yíká ọkàn, dókítà á sì rí ibi tó ń gún.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà wà. Ó máa ń ti iṣan ẹsẹ̀ wá, lára ẹni tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, á sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Apá ọ̀tún ọkàn á wú nítorí kò rí ibi ti ẹ̀jẹ̀ sí. Oògùn wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, alteplase ni ọ̀kan, ó sì wọ́n gan-an. Ẹni tí wọ́n bá fún nírú oògùn yìí, kò yẹ kí wọ́n yára dáwọ́ dúró lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ní kí wọ́n rò ó láti máa tẹ àyà rẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú 60 sí 90 kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n pàkúté wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí ọkàn ti dúró, apá ọ̀tún rẹ̀ lè wú bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan, nítorí náà wọn kì í fi wíwú nìkan dájọ́. Wọ́n á wo iṣan ẹsẹ̀, wọ́n á sì béèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹbí. Bí dókítà bá jáde wá bi yín pé ṣé ó rìnrìn àjò, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ̀rọ náà tún lè fi ọkàn tó ṣófo hàn lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà tán lára rẹ̀, àti ẹ̀dọ̀fóró tí kò yí mọ́ ara igbá àyà mọ́ nítorí atẹ́gùn ti há sáàárín wọn. Kò lè rí potassium tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì lè rí májèlé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹnu ẹbí ló ń sọ ìyẹn. Ẹ máa mú páálí oògùn tí aláìsàn ń lò dání wá.

Lẹ́yìn náà, ó lè fi hàn pé ọkàn tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti dúró ṣì ń gbọ̀n, ó ń fún ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó èyí tí ìka lè gbọ́ lọ́rùn. Ìka ènìyàn a máa tan ni jẹ, pàápàá ẹni tí àyà tirẹ̀ náà ń já.

Ewu tó wà nínú wíwo ẹ̀rọ

Bí ẹ bá ti ka ibí dé, ẹ ó rò pé kí gbogbo ilé ìwòsàn sáré lọ ra síkáànù ni a ń wí. Ẹ dúró ná. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí bí ìdádúró ṣe ń pẹ́ tó nínú yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì wọn. Níbi tí wọn kò ti lo síkáànù, ìdádúró jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 13 ní ìpíndọ́gba. Níbi tí wọ́n ti lò ó, ó di 21. Ẹ rántí pé 10 ni òfin sọ. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn rere ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì yé wọn. Ojú ẹ̀rọ ló fà wọ́n mọ́ra. Gbogbo wọn ń nàrùn wò ó, ọwọ́ wá kúrò láyà aláìsàn. Nígbà tí a ka ìwádìí yìí, ẹ̀rọ ìfúnpá wa pẹ̀lú lẹ́tà E ló wá sí wa lọ́kàn.

Kí wọ́n máà jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dáwọ́ dúró torí síkáànù. Nígbà tí ọwọ́ ṣì wà láyà, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ á ti gbé e sí abẹ́ igbá àyà, á ti wá ọkàn rí kí àkókò ìdádúró tó pé. Bí wọ́n bá wá dúró láti wo iṣan ọrùn, á gba àwòrán náà sílẹ̀ bíi fídíò. Ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn á máa kà sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá di ẹ̀wá, ọwọ́ á padà sí àyà, yálà wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá tàbí wọn kò rí i, ìgbà náà ni wọ́n á tó jókòó wo fídíò. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní irú ẹ̀rọ mìíràn tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé tí kò nílò kí a dúró rárá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kò gbọdọ̀ yẹ̀ lójú ìwé yìí. Orí ẹ̀rọ tó kan àyà ẹlẹ́jẹ̀ kò yẹ kó kan àyà ẹlòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n fi oògùn apakòkòrò nù ún. A ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi etí aṣọ nù ún, a sì sọ̀rọ̀.

Ṣé àwòrán ló dá bàbá lẹ́jọ́?

Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 20 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lórí ènìyàn 793 tí ọkàn wọn dúró ní irú tí iná kò wúlò fún. Àwọn tí síkáànù fi hàn pé ọkàn wọn ṣì ń mira díẹ̀, ìpín 3.8 nínú 100 ló yè padà sílé. Àwọn tí ọkàn wọn dúró jẹ́ẹ́, ìpín 0.6. Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: 0.6 kì í ṣe òfo. Àwọn kan jẹ́ẹ́ lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì padà sílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí dókítà bá rí ọkàn tó dúró jẹ́ẹ́, ó lè tètè rẹ̀ ẹ́, kó yára dáwọ́ dúró, ẹni tí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ kò lè yè. Ìṣirò náà á wá dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló sọtẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí ni American Heart Association, nínú ìlànà wọn ti 2020, fi dámọ̀ràn pé kí wọ́n má máa fi síkáànù sọ ẹni tí yóò yè àti ẹni tí kò ní yè nígbà tí wọ́n ṣì ń tẹ àyà. Ti Yúróòpù ní 2021 sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni ìdí tí wọ́n ó fi dáwọ́ dúró. Kí wọ́n fi wá ohun tó ṣeé tún ṣe, bí kò bá ṣèdíwọ́ fún ọwọ́.

A padà lọ bá dókítà ọjọ́ náà, ọmọ bàbá sì tẹ̀ lé wa. Dókítà sọ fún wa pé òun wá omi yíká ọkàn, kò sí. Òun wá àmì ẹ̀jẹ̀ dídì, kò sí. Ọkàn dúró jẹ́ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta tí wọ́n wò ó. Ó ní ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nínú ìdájọ́ àwọn ni iye ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò fi tẹ àyà rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Kò wò wá lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Ní ti owó síkáànù, a wo bíìlì, kò sí níbẹ̀.

Àbúrò wa, ìdáhùn tí o béèrè nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá rẹ. Àwa tí a wà ní sàfù la gbà á, pẹ̀lú ẹ̀rọ tiwa àti bátìrì rẹ̀, a sì ti bẹ̀ ọ́ lójú ẹbí rẹ. Àwọn ògbógi ṣírò rẹ̀ pé fún àwọn tí iná lè ta ọkàn wọn jí, ìrètí ń fi ìpín 7 sí 10 nínú 100 dín kù fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí kò sí iná, tí kò sì sí ọwọ́ láyà. Bóyá bàbá wà lára wọn nígbà tó ṣubú, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀.

Àwọn arábìnrin kan ti bi wá léèrè nípa aṣọ. Bí obìnrin bá ṣubú báyìí, bí arábìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà nítòsí, kó tètè bọ́ síwájú. Bí kò bá sí, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni kó tẹ àyà rẹ̀, kódà láti orí aṣọ. Ẹ lè fi ìborùn na ògiri yí i ká. Nílé ìwòsàn, wọn kò lè ṣe síkáànù láti orí aṣọ, wọn yóò ṣí i. Àwọn àáfà wa ti sọ ọ́ fún wa láìmọye ìgbà pé ohun tí ẹ̀mí bá rọ̀ mọ́ ní ìrọ̀rùn tirẹ̀.

Láti oṣù yìí lọ, ní gbogbo Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù lẹ́yìn àsàlátù, ìgbìmọ̀ wa yóò máa kọ́ni ní títẹ àyà nínú gbọ̀ngàn ilé kéú. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ arábìnrin wa ni yóò máa kọ́ àwọn obìnrin nínú yàrá ọ̀tọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìrọ̀rí líle kan dání, a kò ì rí owó ra bèbí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. A ó pín iṣẹ́ fún ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin: ẹni tó ń tẹ̀, ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó sì ń tẹ ilé ìwòsàn láago, àti ẹni tó ń kà sókè. Ẹ̀rọ ìfúnpá yóò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.